Ọ̀nà Kan Ò Wọjà: Ọmọ Wa Tó Ń Sáré àti Ilẹ̀kùn Yunifásítì

Nígbàkigbà tí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ yà sí pápá ilé-ìwé girama èyíkéyìí ní Houston, ní Maryland, ní Chicago tàbí ní Atlanta, ẹ ó bá àwọn ọmọ wa níbẹ̀. Bùkọ́lá kan á máa so okùn bàtà, Fẹ́mi kan á máa na itan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pe orúkọ wọn á sì máa rọra pe Olúwadámiláre bí ẹni tó ń yọ eegun ẹja lẹ́nu. Àwọn ọmọ tó ń ṣe eré orí pápá nílé-ìwé girama káàkiri Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù kan, tọkùnrin tobìnrin. Àwọn tó ń bá a dé yunifásítì lábẹ́ àjọ NCAA, ìyẹn àjọ tó ń darí eré ìdárayá láàárín àwọn yunifásítì, ò tó mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún wọn.

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí nìyí: "Ẹnjinníà, ọmọ yìí ń jí ní aago márùn-ún ìdájí torí eré yìí. Ṣé yunifásítì á mú un? Ṣé wọ́n á sanwó ìwé fún un?" Ẹni tó bá bi mí ní ìbéèrè yìí lọ́dún 2015, ìdáhùn kan ni mo máa fún un. Lónìí, ìdáhùn náà ti yàtọ̀. Bí òní ṣe rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Òfin eré ìdárayá ní yunifásítì ilẹ̀ yìí yí padà lọ́dún 2025, ọ̀pọ̀ nínú wa ò sì tíì mọ̀ pé ìyípadà ọ̀hún kan ọmọ tó ń sùn nínú yàrá ẹ̀yìn ilé wa. Ọmọ tó kàn jù lọ ni èyí tí kò fi ìyára bẹ̀rẹ̀, àmọ́ tí kò yéé gbìyànjú, tó ń sàn sí i díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún. Ọmọ yẹn ni mo fẹ́ gbẹnu sọ fún lónìí.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ náà látìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2020, òmùwẹ̀ kan ní Arizona State, Grant House, wà lára àwọn tó pe NCAA lẹ́jọ́. Wọ́n ní owó ńlá ni àjọ náà àtàwọn ilé-ìwé ń fi orí àwọn eléré pa, wọn ò sì jẹ́ kí àwọn tó ń làágùn fọwọ́ kàn án. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 2025, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní California, Claudia Wilken, fọwọ́ sí àdéhùn tó parí ẹjọ́ náà. Wọ́n gbà láti san nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.8 dọ́là láàárín ọdún mẹ́wàá fún àwọn tó ti ṣeré láti ọdún 2016. Wọ́n tún gbà pé kí ilé-ìwé tó bá wọ inú àdéhùn náà máa sanwó fún àwọn eléré rẹ̀ tààrà, tó fi dé mílíọ̀nù 20.5 dọ́là fún ilé-ìwé kan lọ́dún àkọ́kọ́.

Ìyẹn ni gbogbo ìwé ìròyìn pariwo. Apá tó kàn wá wà nísàlẹ̀ ìwé, níbi tí lẹ́tà ti kéré.

Tẹ́lẹ̀, iye sikọ́láṣíìpù ni NCAA máa ń kà, kì í ka iye ọmọ tó wà nínú ẹgbẹ́. Ní Division I, tó jẹ́ ìpele òkè pátápátá, ẹgbẹ́ ọkùnrin ní ẹ̀tọ́ sí sikọ́láṣíìpù 12.6 péré, ẹgbẹ́ obìnrin ní 18. Iye yẹn ló kárí eré orí pápá àti eré inú igbó tí wọ́n ń pè ní cross country pa pọ̀. Tiwọn fi ju tàwọn ọkùnrin lọ torí òfin Title IX ti ọdún 1972, tó ní kí wọ́n ṣe ọkùnrin àti obìnrin bákan náà. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìpín ọkùnrin lọ. Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Bí kóòṣì bá ní ogójì ọkùnrin, tó sì fẹ́ pín 12.6 fún gbogbo wọn dọ́gba, kò sẹ́ni tó máa rí ìdá kan nínú mẹ́ta owó ìwé rẹ̀. Nítorí náà, ẹlòmíràn á gba gbogbo rẹ̀, ẹlòmíràn á gba owó ìwé kíkà nìkan, ọ̀pọ̀ ò sì ní gba kọ́bọ̀. Àwọn tí kò gba kọ́bọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní walk-on: ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń sanwó ilé-ìwé fún, tó lọ bá kóòṣì pé kó ṣáà jẹ́ kóun máa bá wọn sáré. Òmíràn nínú wọn á máa sáré lọ lẹ́yìn, tó bá di ọdún kẹta, á ti gba iwájú.

Àdéhùn tuntun fagi lé òdiwọ̀n sikọ́láṣíìpù. Ilé-ìwé tó wọ inú rẹ̀ lè fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bó bá wù ú. Ṣùgbọ́n iye orí ni wọ́n wá fi òdiwọ̀n lé: ọkùnrin 45, obìnrin 45 fún eré orí pápá, mẹ́tàdínlógún fún cross country. Ẹgbẹ́ tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ dín kù. Adájọ́ Wilken fúnra rẹ̀ rí i pé ìyẹn máa dá àwọn ọmọ kan nù lójijì. Kò fọwọ́ sí i títí wọ́n fi gbà pé àwọn tí wọ́n ti yọ tàbí tí wọ́n ti fẹ́ yọ nítorí òfin náà lè padà láìsí pé wọ́n kà wọ́n mọ́ 45. Ààbò yẹn dáa, àmọ́ àwọn tó ti wà nínú ilé tàbí tó ti dé ẹnu ọ̀nà ló wà fún. Ọmọ tó wà nílé-ìwé girama lónìí ò sí nínú rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "lè fún" yẹn tàn yín. "Lè fún" kì í ṣe "máa fún." Sikọ́láṣíìpù tuntun tí ilé-ìwé bá fi kún ti àtẹ̀yìnwá, tó fi dé mílíọ̀nù 2.5 dọ́là, inú mílíọ̀nù 20.5 yẹn náà ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ẹ̀yin náà mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ bu ọwọ́ sínú àwo: bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tàwọn ọkùnrin. Eré orí pápá kì í pawó wọlé fún yunifásítì, ó sì máa ń dúró lẹ́yìn àwọn tó ń pawó ni.

Àwa tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ mọ̀ pé bí o bá fẹ ẹnu páìpù lápá kan, tó o wá fún un lápá kejì, ibi tó há jù ló máa pinnu iye omi tó máa jáde. Ibi tó há lónìí ni iye orí. Kóòṣì tó ní àyè 45 péré, tí wọ́n sì fẹ́ kó borí lọ́dún yìí, ṣé á lo àyè kan fún ọmọ tó máa yára lẹ́yìn ọdún mẹ́ta? Ẹni tó ti yára lónìí ló máa wá.

Ibo ló ti ń rí ẹni tó ti yára? Ibi mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́ ni àwọn ọ̀gbẹ́ni àti omidan tó wà ní yunifásítì míì. Láti ọdún 2018 ni ètò tí wọ́n ń pè ní transfer portal ti wà. Láti 2021, eléré lè kúrò ní ilé-ìwé kan lọ sí òmíràn lẹ́ẹ̀kan láìjókòó ọdún kan, nígbà tó sì di 2024, wọ́n mú òdiwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan yẹn kúrò. Èkejì ni àwọn tí wọ́n fún ní ọdún kan lé nítorí àrùn Kòrónà. Wọ́n gbà àyè fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọmọ girama tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn ló sì jìyà rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ti parí báyìí. Ẹ̀kẹta ni àwọn ọmọ òkèèrè, èyí tó gba kí n dúró díẹ̀ sí, torí pé ilé wa ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Kò sí bí a ṣe máa sọ ìtàn eré sísá Yorùbá láìdárúkọ yunifásítì Amẹ́ríkà. Falilat Ogunkoya, tó gba idẹ nínú eré 400 mítà ní Atlanta lọ́dún 1996 pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 49.10, Mississippi State ló lọ. Olapade Adeniken, tó wà nínú ẹgbẹ́ ọkùnrin tó gba fàdákà ní Barcelona lọ́dún 1992 nínú eré 100 mítà onípàṣípààrọ̀ ọ̀pá, University of Texas ní El Paso ló ti kàwé. El Paso yìí kan náà ni Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ olùkọ́, wá lọ́dún 2016. Lọ́dún 2017 ló borí gbogbo yunifásítì nínú eré 100 mítà tí wọ́n fi ń fo igi. Ní oṣù keje ọdún 2022, ní Eugene, ó sá a ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12, èyí tí obìnrin kankan ò sá rí láyé títí di ọjọ́ náà. Ìjẹ̀bú ló bí i, àmọ́ Texas ló parí iṣẹ́ ọwọ́ náà.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ́ pọ̀ mọ́ra. Tobi ti gba góòlù ní ìdíje gbogbo Áfíríkà lọ́dún 2015 kó tó dé El Paso. Àgbà eléré ni kóòṣì mú, kì í ṣe ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Ọmọ wa tí a bí ní Houston, tó ń sá tirẹ̀ níwọ̀n, pẹ̀lú irú ọmọ Ìjẹ̀bú bẹ́ẹ̀ ló jọ ń du àyè kan náà. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ló ń jà sórí àga kan. Mi ò sọ pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó wà nílé o. Èmi náà, físà akẹ́kọ̀ọ́ ni mo fi wọ ilẹ̀ yìí nígbà tí mo ń bọ̀ wá gba oyè kejì. Ó sì dùn mí nígbà tí ààrẹ Donald Trump, ní oṣù kejìlá ọdún 2025, fọwọ́ sí ìkéde tó dí ọ̀nà físà akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà àti ti orílẹ̀-èdè Benin láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, àfi àwọn díẹ̀ tí ìkéde náà yọ sílẹ̀. Bí ẹnìkan bá rò pé ìyẹn á fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ tiẹ̀, kó má tan ara rẹ̀. Jàmáíkà wà níbẹ̀, Kẹ́ńyà wà níbẹ̀, transfer portal náà ò sì lọ síbì kankan.

Ó dáa. Ṣé kí ọmọ wá bọ́ bàtà sílẹ̀ ni? Rárá o. Ìdí tí mo fi sọ gbogbo èyí ni pé ìforítì ọmọ ò gbọdọ̀ ṣòfò nítorí pé àwa òbí ò mọ ojú ọ̀nà.

Ọmọbìnrin kan wà ní àgbègbè wa níhìn-ín tó ń sá 400 mítà. Ọdún kìíní rẹ̀ nílé-ìwé girama, ó sá a ní ìṣẹ́jú àáyá 66, ó sì ṣe ẹ̀yìn. Ọdún kejì, eegun ojúgun rẹ̀ ṣán. Dókítà ní kò gbọdọ̀ sáré fún oṣù mẹ́ta. Inú omi ló ti ń sá tirẹ̀, ìgbànú fóòmù nídìí, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gba ribọ́ọ̀nù. Ọdún kẹta, ó di 59. Ọdún kẹrin, ó wọ 57, ó sì fi ipò kan ṣoṣo pàdánù àtilọ sí ìdíje àgbègbè, èyí tí wọ́n ti ń mú àwọn tó ń lọ sí àṣekágbá ìpínlẹ̀ ní Austin. Àwọn tó ń wo ipò nìkan á sọ pé kò rí ńkankan mú. Èmi tó ń wo nọ́ńbà rí ọmọ tó gé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án kúrò láàárín ọdún mẹ́rin, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán láàárín.

Bàbá rẹ̀ jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Ó fi lẹ́tà kan hàn mí pẹ̀lú ẹ̀rín. "Àbúrò, wò ó. Yunifásítì ńlá ti kọ̀wé sí wa!" Mo kà á. Ìpolówó kámpù ni: kí ọmọ wá lo ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ wọn nígbà ìsinmi, kí òbí san owó kámpù. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọjà ni wọ́n ń tà fún yín. Kóòṣì tó bá fẹ́ ọmọ yín á pe fóònù rẹ̀, á bèèrè máàkì rẹ̀, á bèèrè nípa ojúgun rẹ̀." Ẹ̀gbọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá rántí pé kóòṣì kan ti pe ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì láti kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní ìpínlẹ̀ míì. "Àmọ́ Division III ni wọ́n ní àwọn wà. Ẹ̀kẹta! Ṣé ẹ̀yìn kíláàsì ni wọ́n fẹ́ gbé ọmọ mi jókòó sí ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo wa gbọ́ dáadáa, torí ibẹ̀ ni ìgbéraga wa ti ń pa wá lára. Division kìíní, ìkejì, ìkẹta kì í ṣe ipò nínú ìdánwò. Bí ilé-ìwé ṣe ń náwó sórí eré ni wọ́n fi pín wọn. Division III ní ilé-ìwé tó lé ní 400, òun ló pọ̀ jù. Kì í fúnni ní sikọ́láṣíìpù nítorí eré, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ń fúnni ní owó nítorí máàkì, àti nítorí pé owó tó ń wọlé fún òbí ò pọ̀. MIT tí gbogbo ẹnjinníà ń fi orúkọ rẹ̀ búra, Division III ni. University of Chicago, Johns Hopkins, Emory, Division III ni wọ́n. Èwo nínú wọn ni bàbá Yorùbá kan máa gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí kò ní dìde jó? Òdiwọ̀n orí 45 yẹn ò sì kan Division III. Kò kan àwọn ilé-ìwé Ivy League náà, torí wọn ò wọ inú àdéhùn ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà kì í fúnni ní sikọ́láṣíìpù eré.

Division II wà láàárín, ó ń pín sikọ́láṣíìpù sí wẹ́wẹ́. Àwọn ilé-ìwé NAIA wà. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì wà, tí owó wọn kéré, tí ọmọ lè lò láti tún máàkì àti ẹsẹ̀ ṣe kó tó kọjá sí yunifásítì. Kenny Bednarek, tó gba fàdákà nínú eré 200 mítà ní ìdíje Olympics ti Tokyo àti ti Paris, kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì kan ní Iowa, Indian Hills, ló ti jáde. Ọ̀nà kan ò wọjà.

Ìtàn ilẹ̀ yìí gan-an kún fún àwọn tó gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Jesse Owens sá 100 yáàdì ní ìṣẹ́jú àáyá 9.4 nígbà tó wà nílé-ìwé girama ní Cleveland lọ́dún 1933, bákan náà pẹ̀lú ẹni tó yára jù láyé. Síbẹ̀, kò gba sikọ́láṣíìpù nígbà tó wọ Ohio State. Iṣẹ́ ló ń ṣe kiri láti rówó san, wọn ò sì jẹ́ kó gbé inú ọgbà nítorí àwọ̀ rẹ̀. Wilma Rudolph ní àrùn rọpárọsẹ̀ ní kékeré, irin ni wọ́n dè mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ girama ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó gba idẹ ní Melbourne lọ́dún 1956. Tennessee State, ilé-ìwé àwọn aláwọ̀ dúdú tí owó ò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ló gbà á, ibẹ̀ ló sì ti lọ gba góòlù mẹ́ta ní Rome lọ́dún 1960.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Edwin Moses. Nílé-ìwé girama ní Dayton, kò sẹ́ni tó ń du ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú eré. Sikọ́láṣíìpù tó gbé e dé Morehouse ní Atlanta, ti ìwé ni, kì í ṣe ti ẹsẹ̀. Físíìsì ló kà. Morehouse ò ní pápá eré, orí pápá àwọn ilé-ìwé girama ìlú náà ló ti ń ṣe ìdánrawò. Lọ́dún 1976, ó gba góòlù Olympics nínú eré 400 mítà tí wọ́n fi ń fo igi ní Montreal, ó sì sá a yára ju bí ẹnikẹ́ni ti sá a rí lọ. Láti 1977 títí di 1987, kò sẹ́ni tó tún borí rẹ̀ nínú eré náà. Ẹ ò rí nǹkan? Ìwé ló ṣílẹ̀kùn, ẹsẹ̀ ló wá tẹ̀ lé e wọlé.

Èyí ló mú mi dé orí ohun tí ọwọ́ wa lè tẹ̀. NCAA ò gba ọmọ kankan láyè láti sáré ní Division I tí kò bá parí iṣẹ́ ìwé mẹ́rìndínlógún tí wọ́n yàn: ọdún mẹ́rin Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́ta ìṣirò láti Algebra I lọ sókè, méjì sáyẹ́ǹsì, àtàwọn tó kù. Máàkì rẹ̀ nínú wọn gbọ́dọ̀ tó 2.3. Mẹ́wàá nínú wọn gbọ́dọ̀ ti parí kí ọdún kẹrin tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kíyè sí èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Ọmọ tó bá jáwọ́ nínú ìṣirò lọ́dún kejì, tó ní òun á tún un ṣe lọ́dún kẹrin, ti pẹ́ jù. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, NCAA ò bèèrè máàkì SAT tàbí ACT mọ́, àmọ́ ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan lè bèèrè tirẹ̀. Ẹ lọ bá káńsẹ́lọ̀ ilé-ìwé, kí ẹ bèèrè èwo nínú iṣẹ́ ìwé ọmọ yín ni NCAA ń kà. Ẹ má tijú. Àwọn òbí tí kì í ṣe àjèjì ti bèèrè látọdún kìíní.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ́ ọmọ láti kọ̀wé fúnra rẹ̀. Ní Division I, kóòṣì ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọmọ sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹfà lẹ́yìn ọdún kejì nílé-ìwé girama, ṣùgbọ́n ọmọ lè kọ̀wé sí kóòṣì nígbàkigbà. Ímeèlì kúkúrú: orúkọ, ilé-ìwé, iye ìṣẹ́jú àáyá lọ́dọọdún, máàkì, ohun tó fẹ́ kà. Kó kọ iye tọdọọdún sí i, kì í ṣe tọdún yìí nìkan, torí ibẹ̀ ni ìforítì ti ń fara hàn. Kóòṣì tó bá rí 66, 59, 57 lórí ìlà kan mọ̀ pé ọmọ yìí ò tíì dé òpin agbára rẹ̀.

Kí ọmọ tó kọ̀wé, kó wo bí àwọn tó wà níbẹ̀ ṣe ń sáré. Èsì ìdíje yunifásítì wà ní gbangba lórí TFRRS, ti ilé-ìwé girama wà lórí Athletic.net. Ẹ wá èsì ìdíje tí ilé-ìwé náà ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lọ́dọọdún. Bí ẹni tó ṣe ẹ̀kẹjọ níbẹ̀ bá sá a ní 54, tí ọmọ yín ń sá 57, ilé-ìwé yẹn ga jù fún un lónìí. Bó bá jẹ́ 57 ni ẹ̀kẹjọ sá, ilé rẹ̀ nìyẹn. Kò sí oògùn níbẹ̀, nọ́ńbà ni.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Kóòṣì á sọ̀rọ̀ dídùn. Ẹ̀yin ẹ fi sùúrù béèrè: èló ni a máa san lọ́dún kìíní lẹ́yìn gbogbo ìrànwọ́? Ṣé owó náà á máa tẹ̀ lé ọmọ títí ọdún mẹ́rin? Bó bá farapa ńkọ́? Ṣé àyè rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ dájú, àbí wọ́n á tún kà á nígbà tó bá dé? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sílẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni kékeré lè sọ iye tó ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà 70 dọ́là lọ fún ọdún kan, kí aya yín sì já. Iye tó kù lẹ́yìn ìrànwọ́ ni kẹ́ ẹ wò, ìyẹn ni kẹ́ ẹ fi wé iye tí yunifásítì ìpínlẹ̀ yín máa gbà.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń rò. Nílé, lẹ́yìn inter-house sports, ìwé ló kù. Bàbá tó rí ọmọ tó ń sáré kiri á ní kó lọ jókòó sídìí ìwé. A kó èrò yẹn wọ ọkọ̀ òfurufú, a sì fi ń wọn àwọn ọmọ tí a bí síbí. Òmíràn nínú wa tún bọ́ sí òdìkejì: ó gbọ́ pé eléré ń gbowó, ó wá sọ ọmọ di káràkátà, ó ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá bí ẹni pé owó ilé rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Èkíní ń pa ìrètí ọmọ, èkejì ń pa eegun rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi yẹn àti ọmọ rẹ̀ ti lọ wo kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré náà. Ẹ̀gbọ́n ní wọ́n ní ilé ìwádìí kẹ́mísìrì tó dáa, kóòṣì sì bèèrè lọ́wọ́ ọmọ náà bí ojúgun rẹ̀ ṣe ń ṣe. Lẹ́tà owó ìrànwọ́ ò tíì dé bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó lè dára, ó lè má dára tó. Ní òwúrọ̀ Sátidé tó kọjá, wọ́n ní ọmọ náà tún wà lórí pápá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdíje tirẹ̀ ti parí fún ọdún yìí.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní ọdún kìíní tàbí ìkejì, ẹ ṣì láyè. Ẹ pe káńsẹ́lọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jókòó ti ọmọ náà lálẹ́, kí ẹ bi í irú ilé-ìwé tó wù ú láti wà bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọ̀ láti sáré mọ́ lọ́la. Bó bá dárúkọ ọ̀kan tó ṣì máa wù ú bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí.